Adìẹ Tí Wọ́n Rí Nínú Sinimá

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò

      

Nínú ìwé tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín kọ sí mi, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè máa fi sinimá ìta gbangba la ara wa lójú nípa àyíká tí à ń gbé, kí ayé tí à ń jẹ lónìí má baà di gbèsè sọ́rùn àwọn ọmọ wa. Sinimá tí ẹ ń wí yàtọ̀ sí ti eré. Fíìmù tó ń ya ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní dọ́kúmẹ́ńtárì: odò gan-an, àgbẹ̀ gan-an, ààtàn gan-an, pẹ̀lú ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ fẹ́ máa ta aṣọ funfun sí pápá ilé-ẹ̀kọ́, kí tọmọdé tàgbà gbé àpótí wá, kí wọ́n jọ wò ó. Tọkàntọkàn ni mo fi gbà pé ohun rere ni. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe é rí tí kò rí bí mo ṣe fẹ́, mo sì ti ṣe é rí tó yọrí sí nǹkan. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni mo wá bá yín sọ, orí adìẹ kan ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn adìẹ

Ní 1961, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Wilson ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù kọ ìtàn kan tí àwọn onímọ̀ ṣì ń pa dòní. Ó ní wolé-wolé kan ya fíìmù láti fi kọ́ àwọn ará abúlé kan nílẹ̀ Áfíríkà bí wọ́n ṣe lè mú omi tó dá rogún kúrò láyìíká ilé: kí wọ́n gbẹ́ omi kúrò nínú kòtò, kí wọ́n ṣa agolo òfìfo jọ kí wọ́n kó o dànù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó ń yà á, kò kánjú rárá, kí ó lè yé wọn. Nígbà tí fíìmù parí, wọ́n bi àwọn òǹwòran pé, "Kí lẹ rí?" Wọ́n dáhùn pé àwọn rí adìẹ kan.

Àwọn tó ya fíìmù náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé adìẹ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní láti padà lọ tú u wò, àwòrán kan tẹ̀lé òmíràn, kí wọ́n tó rí i pé lóòótọ́ ni adìẹ kan ta pàrà kọjá ní igun kan. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló ti fi ìtàn yìí sọ pé aláìmọ̀wé kò mọ sinimá í wò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti sin adìẹ rí, ẹ mọ ohun tí adìẹ jẹ́ nínú agbo ilé. Owó ni. Ọbẹ̀ àlejò ni. Ọkùnrin àjèjì kan ń gbé agolo sọ̀kalẹ̀, ó ń gbé agolo sókè, kò sí ẹnikẹ́ni nínú fíìmù náà tí wọ́n mọ̀. Lójijì, ohun kan tó jẹ́ tiwọn kọjá. Kí ni ojú wọn ì bá tún dì mú?

Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín: níbo ni adìẹ agbo ilé ti ń mu omi? Ṣé kì í ṣe nínú agolo àti kòtò wọ̀nyẹn náà ni? Ká ní wolé-wolé fa àga, tó jókòó tì wọ́n, tó ní, "Adìẹ ta ni? Kí ló dẹ́rù bà á? Níbo ló ń lọ?", ilẹ̀ kì bá tí ì ṣú tán tí wọn ì bá fi tọ ipasẹ̀ adìẹ dé ibi omi, láti ibi omi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀fọn. Ìdáhùn tirẹ̀ ló ń wá, ni kò ṣe gbọ́ tiwọn.

Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ lónìí wà nínú ìtàn yẹn. Ìgbà tí iná sinimá bá kú ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibi tí ojú àwọn òǹwòran bá dúró sí ni ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé a kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Wolé-wolé àti eku Èkó

Sinimá kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 1903, àwọn ará Èkó ti wò ó ní Glover Memorial Hall, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tí ó ṣètò rẹ̀. Ti fàájì nìyẹn. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 1924, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó. Ilé há mọ́ra, oúnjẹ wà nílẹ̀, eku pọ̀, àwọn ènìyàn sì ń kú. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó ẹ̀ka ìlera, William Sellers, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù ṣàlàyé fún ará ìlú. Fíìmù kan nípa ogun eku yẹn ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ títí dòní, ti 1937 ni. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, Sellers yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Àwọn àgbà tó wà níjòkòó á rántí ọkọ̀ sinimá: ó gbé jẹnẹrétọ̀ àti aṣọ funfun dání, ògbufọ̀ wà nídìí gbohùngbohùn, àwọn ọmọdé a sì máa sáré tẹ̀lé e láti ìloro ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n yìn ín níbi tó ti yẹ. Ó tọ ènìyàn lọ síbi tí wọ́n wà, ó sì wá ẹni tí yóò fi èdè wọn sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wa tí a kàwé ju Sellers lọ ni kò tíì ṣe ìkejì yẹn. Ṣùgbọ́n àṣẹ ló wà nínú àwọn fíìmù wọ̀nyẹn: ẹ ṣe báyìí, ẹ má ṣe bá-ọ̀hún. Wọ́n tilẹ̀ fi ṣe òfin iṣẹ́ pé kí fíìmù fún ọmọ Áfíríkà máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó má lọ́jú pọ̀, bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lẹ́kọ. Ẹ sì rántí ẹni tí wolé-wolé jẹ́ lójú àwọn ìyá wa. Òun náà ló ń ṣí ìdérí ìkòkò wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tó bá sì bá a, ilé-ẹjọ́ ni. Ẹni tó lè fìyà jẹ ọ́ láàárọ̀ ló tún ń fi sinimá hàn ọ́ lálẹ́. O ò ní bi í ní ìbéèrè.

Irú ẹ̀rù yìí náà ni a jogún. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni ìjọba ológun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Sátidé tó kẹ́yìn oṣù sé wa mọ́lé kí a lè gbálẹ̀. Ní Èkó, wọ́n mú ìséde yẹn kúrò ní oṣù Kọkànlá 2016. Lójú pópó tí èmi ń gbé, oṣù mẹ́ta kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí koríko fi hù nínú gọ́tà. Ó dùn mí, nítorí ó hàn gbangba pé nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọlọ́pàá là ń gbálẹ̀ fún.

Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀

Ṣé a ní tiwa ṣáájú òyìnbó? A ní in. Ẹ lọ sí Kétu àti àwọn ìlú tó yí i ká, ní ìhà ti Benin àti ní ìhà tiwa níbí. Kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án, Ẹ̀fẹ̀ á kọ́kọ́ jáde lóru ní ojú ọjà. Ìlú á pé, lọ́kùnrin lóbìnrin. Á júbà àwọn ìyá wa, á gbàdúrà fún ìlú, lẹ́yìn náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tú ọ̀rọ̀ síta: ẹni tó jí nǹkan, ìjòyè tó gba rìbá, ìjà tó yẹ kó ti parí tí kò parí. Àwọn ènìyàn á máa gbè é. Bí ilẹ̀ bá mọ́, orin yẹn ni wọn á máa sọ nídìí igbá ọjà, títí ẹni tó kàn á fi ronú. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ogún àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ohun tí Ẹ̀fẹ̀ ní tí ọkọ̀ sinimá kò ní ni pé ó mọ ìlú tó ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ń ṣe ògbufọ̀. Orin rẹ̀ kò sì parí síbi tí akọrin dákẹ́ sí, ọjà ló ń parí ẹ̀. Bí ẹ bá bi mí pé ta ni kí ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe, n ó ní kí ẹ wo ojú ọjà Kétu kí ẹ tó wo Lọ́ńdọ̀nù.

Òkun àlejò, gọ́tà wa

Mo ṣèlérí pé n ó sọ ti ara mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ kan gbé sinimá lọ sí àdúgbò kan tí omíyalé ti ń dà láàmú lọ́dọọdún. Fíìmù tí a mú lọ dára púpọ̀: òkun tó kún fún ike, ẹyẹ tí ike kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fara balẹ̀ wò ó. Nígbà tó parí, mo gba gbohùngbohùn, mo sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Màmá kan tí ń ta mọ́ínmọ́ín wá nawọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ ṣeun. Òkun yẹn, ìlú wo ló wà? Ẹyẹ yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?" Mo dáhùn bí mo ṣe lè dáhùn. Ó ní, "Ó dáa. Orí tábìlì ni àwọn ọmọ ọmọ mi sùn lánàá nígbà tí òjò rọ̀." Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ ilé.

N kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ìròyìn ò tó àfojúbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, mo sì ti rò pé sinimá ni àfojúbà. Ìròyìn òkun ẹlòmíràn ni mo gbé lọ bá ẹni tí omi wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì a padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, fóònù ni a fi ya gọ́tà wọn fúnra wọn, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. A ya ọmọkùnrin tó ń ṣa ìgò ike tà. A ya ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá ní ìkòríta. A bẹ màmá alámọ́ínmọ́ín pé kí ó sọ fún wa ìdí tó fi pa ewé tì. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó dára jù nínú fíìmù náà. Ó ní ewé ti wọ́n, fífọ̀ rẹ̀ ń gba àsìkò, oníbàárà sì ń fẹ́ ohun tí wọn á fi sínú báàgì lọ ibi iṣẹ́ tí kò ní jò. Ó ní kò wu òun o, mọ́ínmọ́ín inú ewé ló ní òórùn.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbí díẹ̀. Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òótọ́ ni, nígbà ayé wọn. Ewé eéran, ewé gbódògì, èèpo iṣu, gbogbo ohun tí wọ́n dà síbẹ̀ ni ilẹ̀ ń jẹ, tí ààtàn ọdún tó kọjá fi ń di ibi tí a ń gbin ẹ̀fọ́ lé. Òwe yẹn kò mọ ọ̀rá. Ọ̀rá tí a bá dà sí ààtàn lónìí, àwọn tí a kò tíì bí ni yóò bá a níbẹ̀. Àṣà ìdalẹ̀nù wa kò yí padà, ohun tí à ń dà ló yí padà, mo sì rò pé ó yẹ kí a máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ara wa dípò ká máa pe ara wa ní ọ̀bùn.

Ogún ìṣẹ́jú ni fíìmù náà. Nígbà tí ojú màmá yẹn yọ sórí aṣọ funfun, igbe tí àdúgbò ké, jẹnẹrétọ̀ kò tó o. A paná, n kò sì sọ nǹkan kan ju, "Kí lẹ rí?" lọ. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá kan ní, "Ewúrẹ́." Ewúrẹ́ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń jẹ ọ̀rá lẹ́bàá gọ́tà, n kò kà á sí. Bàbá ní ewúrẹ́ òun kú lọ́dún tó kọjá, nígbà tí alápatà là á, ọ̀rá ló dì gbàgìdì sí àpòlúkù rẹ̀. Ẹnì kejì ní bẹ́ẹ̀ náà ni tòun. Láti orí ewúrẹ́, wọ́n dé orí ọ̀rá. Láti orí ọ̀rá, wọ́n dé orí ẹni tí ń da ilẹ̀ sí gọ́tà lókè, tí òjò ń gbé e wá sísàlẹ̀. Àwọn onílé méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Agogo mọ́kànlá kọjá kí a tó túká.

Wọ́n fẹnu kò pé kí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan so àpò sí ẹnu ìsọ̀ rẹ̀, kí ọmọkùnrin oníke máa gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Ní àsìkò òjò ọdún náà, gọ́tà tó wà níwájú ọjà kò dí. Ti òkè lọ́hùn-ún dí. N kò ní parọ́ fún yín.

Àwọn ìyá Ìdáàṣà

Ẹ lè ní ti èmi kéré. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí àwọn olùwádìí wọ̀n wá. Ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Benin, ní ẹkùn tí àwọn ará wa Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ AfricaRice ya fíìmù nípa bí a ṣe ń bọ ìrẹsì kí a tó bó èèpo rẹ̀. Àwọn obìnrin abúlé tó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n yà, wọ́n sì fi han àwọn obìnrin abúlé mìíràn. Wọ́n fi í wé ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa ń pe ènìyàn wá kọ́ ní gbọ̀ngàn. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 nìyí: nínú obìnrin ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kọ́ gbọ̀ngàn dé ọ̀dọ̀ 27, fíìmù dé ọ̀dọ̀ 74. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wo fíìmù, 95 ló bẹ̀rẹ̀ sí í sá ìrẹsì wọn sórí tapólì kí òkúta má baà wọ inú rẹ̀. Nínú àwọn tó lọ gbọ̀ngàn nìkan, bí ìdajì ni.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro fún wa láti mọ̀. Ta ni wọ́n ń pè wá sí gbọ̀ngàn? Ẹni tó mọ olórí, tí yóò gba owó ọkọ̀. Tó bá sì délé, ó lè pa ìmọ̀ náà mọ́ra. Kò sí ẹni tí ń yan ènìyàn síbi sinimá ìta. Ẹni tó ní gàrí àti ẹni tí kò ní, orí pápá kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí.

Benin yìí kan náà ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Cinéma Numérique Ambulant ti bẹ̀rẹ̀ ní 2001, tí wọ́n ń gbé sinimá láti abúlé dé abúlé, kó tó tàn dé Niger, Mali, Burkina Faso àti ibòmíràn. Bí wọ́n bá ti fi fíìmù hàn tán, atọ́nà kan á dúró láti darí ìjíròrò. Ní Kenya, wọ́n gbé kámẹ́rà lé àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Kisilu Musya lọ́wọ́, ó sì ya ọ̀dá àti ìkún omi oko ara rẹ̀. Fíìmù náà, Thank You for the Rain, jáde ní 2017. Nílé níbí, àwọn ẹgbẹ́ iREP ti ń ṣe àjọ̀dún irú fíìmù báyìí ní Freedom Park, Èkó, níbi tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó rí. Mo máa ń lọ. Ó kàn wù mí kí ó kúrò ní Erékùṣù, kí ó dé ọ̀dọ̀ wa níbí ni.

Ojú ẹni tí a yà

Ẹ̀rù kan ń bà mí, mo ní láti sọ ọ́ kí n tó dákẹ́. Ní 2010, BBC gbé fíìmù Welcome to Lagos jáde, tí wọ́n yà ní ààtàn Olúsòsùn àti ní Mákòókò. Ìjọba fi ẹ̀hónú hàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká náà bẹnu àtẹ́ lù ú pé ojú ìwọ̀sí ni wọ́n fi wò wá. Àwọn mìíràn ní rárá, pé ọgbọ́n àti làálàá àwọn tó ń ṣa nǹkan tà lórí ààtàn ni àwọn rí. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì: ta ni ó jókòó wò ó? Ká ní Olúsòsùn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ta aṣọ sí, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì gba gbohùngbohùn lẹ́yìn rẹ̀, ariwo náà ì bá gba ibòmíràn lọ.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá yà ládùúgbò yìí, òun ni kó kọ́kọ́ wò ó, nínú yàrá, kí ìlú tó wò ó. Bí ó bá ní kí ẹ yọ ojú òun kúrò, ẹ yọ ọ́. Tálákà ní ìtìjú bí olówó.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Ẹ má ṣe é ní gbọ̀ngàn tó ní géètì. Ẹ ṣe é ní pápá, lẹ́yìn tí wọ́n bá kí ìrun alẹ́ tán, tí àwọn ìyá ti gbé igbá wọlé. Jẹnẹrétọ̀ yẹn, ẹ gbé e jìnnà. Bí ẹgbẹ́ bá lágbára, ẹ ra bátìrì tí oòrùn ń gba iná sí, kò yẹ kí èéfín wà níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Fíìmù kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, nítorí ìjíròrò ló ni alẹ́. Kí gbohùngbohùn kọ́kọ́ dé ọwọ́ obìnrin, torí bí ọkùnrin bá gbà á ṣáájú, ilẹ̀ á mọ́. Bí olóṣèlú bá wá, ẹ fún un ní àga, ẹ má fún un ní ọ̀rọ̀ àsọparí. Kí ẹnì kan máa kọ ohun tí a fẹnu kò sí sílẹ̀. Nígbà tí oṣù bá yí po, kí àwọn ọ̀dọ́ lọ ya ibi tí a ṣe é dé àti ibi tí a kò ṣe é dé, kí a padà sí pápá, kí a wò ó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí ẹní níwájú yìí, ẹ̀yin ni mo fi fíìmù àkọ́kọ́ lé lọ́wọ́. Odò tó wà lẹ́yìn ọjà yìí, mo gba ibẹ̀ kọjá bí mo ṣe ń bọ̀. Ẹ lọ bi àwọn ìyá àgbà yín léèrè ẹja tí wọ́n ń pa níbẹ̀ rí. Ẹ yà wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

   Màmá alámọ́ínmọ́ín tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí níbí, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ kí a kọ ọpẹ́ rẹ̀ sínú ìwé òní.